Aró àti Arò nínú Àwo Orin Blue ti Joni Mitchell

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe àwọ̀ aró àti ìbànújẹ́ ọkàn. Ẹni tí ó bá wí pé òun jẹ́ blue, kì í ṣe pé ó ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Ọkàn rẹ̀ ni ó rẹ̀wẹ̀sì. Èyí lè ṣe àjèjì díẹ̀ létí Yorùbá, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò, nítorí ohùn orí ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ya aró tí aláró fi ń rẹ aṣọ sọ́tọ̀ kúrò lára arò tí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ń dá. (Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn tan, èdè ni ó kàn fi wọ́n ṣe aládùúgbò.) Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni Joni Mitchell, obìnrin akọrin ará Kánádà, fi sọ àwo orin rẹ̀ tí ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1971. Orin mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀, òun tìkára rẹ̀ ni ó sì kọ gbogbo wọn. Ní ọdún 2020, nígbà tí ìwé ìròyìn Rolling Stone to 500 àwo orin tí ó kà sí àgbà lẹ́sẹẹsẹ, ipò kẹta ni ó fi Blue sí.

Roberta Joan Anderson ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìlú Fort Macleod ní ìpínlẹ̀ Alberta ni a ti bí i, ní ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 1943. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà gbéra, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò tún lágbára tó bí ó ti yẹ mọ́. Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ọwọ́ òsì ni onígìtá fi ń tẹ okùn. Bí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá wà ní ìpele ohùn tí gbogbo onígìtá mọ̀, ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò máa nà tantan kí àwọn ohùn tó bára mu. Mitchell tú okùn kan, ó fa òmíràn le, títí gbogbo wọn fi ń dún ní ìrẹ́pọ̀ láìjẹ́ pé ìka kan tẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ìka kan tàbí méjì ti tó o. Báyìí ni àìlera ọwọ́ ṣe bí ìró tuntun: àkópọ̀ ohùn tí kì í balẹ̀ síbi tí etí ti ń retí pé yóò balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé ìbéèrè ń bẹ nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá má ṣe rò pé arò inú àwo yìí pamọ́ fún òun. Ìró gìtá ti dá a kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu.

Ní ọdún 1970, ó fi orí ìtàgé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì rin ìrìn àjò lọ sí Yúróòpù. Ó bá àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò gbé ní Matala, ní erékùṣù Crete ní ilẹ̀ Gíríìkì, níbi tí wọ́n ti ń sùn nínú ihò àpáta. Nígbà ìrìn àjò yìí ni ó fi wáyà ránṣẹ́ sí Graham Nash, olórin tí wọ́n jọ ń gbé ní Los Angeles, pé ìfẹ́ àwọn ti parí. Dulcimer ni ó gbé dání, nítorí ó fúyẹ́. Èyí jẹ́ ohun èlò olókùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti àwọn ará òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà, tí a ń gbé lé itan kí á tó ta á. Orin mẹ́rin inú àwo náà ni a gbọ́ ọ, lára wọn ni “Carey” àti “A Case of You”.

James Taylor bá a ta gìtá nínú orin mẹ́ta, Stephen Stills àti àwọn mìíràn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú márùn-ún lára orin mẹ́wàá náà, òun nìkan ni ó wà níbẹ̀, òun pẹ̀lú dùùrù tàbí gìtá rẹ̀. A kì í sábà rí irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú àwo orin tí a ṣe fún títà lọ́jà. “River” jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orin Kérésìmesì tí àwọn ọmọdé ń kọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, “Jingle Bells”, ni ó fi ṣí i lórí dùùrù, ṣùgbọ́n ó fà á falẹ̀, ó sì yí ìró rẹ̀ sí ti ìbànújẹ́. Obìnrin inú orin náà wà ní ilẹ̀ tí yìnyín kì í ti í bọ́. Ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀bi òun ni olólùfẹ́ òun fi lọ, odò dídì tí yóò gbé e sá lọ ni ó sì ń wá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọrin ni ó ti tún orin yìí kọ, a sì ń kọ ọ́ nígbà Kérésìmesì lọ́dọọdún.

Ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ sọ nípa Blue ni pé kò fi nǹkan kan pamọ́. Kris Kristofferson, olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbà á níyànjú pé kí ó dá díẹ̀ sí fún ara rẹ̀. Mitchell náà sọ lẹ́yìn náà pé ní àkókò yẹn, òun kò ní ààbò kankan, òun dà bí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wé páálí sìgá. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ka àwo yìí bí ẹni ń ka ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí obìnrin kan gbàgbé sórí tábìlì. Ìkàkukà ni. Ìyàwó Ọ̀yọ́ tí ń sun ẹkún ìyàwó ń sunkún ní tòótọ́, síbẹ̀ ó ti kọ́ ẹkún náà kí ọjọ́ tó pé. Nígbà tí àwo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, Mitchell yọ orin méjì kúrò nínú rẹ̀, ó sì fi “All I Want” àti “The Last Time I Saw Richard” rọ́pò wọn, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, èkejì ní òpin. Ẹni tí ń tú ọkàn rẹ̀ dà sílẹ̀ láìronú kì í to ilé orin báyìí.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ ni orin kẹta, “Little Green”. Òun ni ó pẹ́ jù nínú àwo náà, nítorí ó ti kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú. Nígbà tí ó jáde, ẹni tí ó ṣe àtúpalẹ̀ àwo náà fún Rolling Stone ráhùn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, pé ẹnikẹ́ni kò lè mọ ohun tí ó ń wí. Ohun tí ó ń wí ni èyí: ní oṣù kejì ọdún 1965, nígbà tí Mitchell jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó bí ọmọbìnrin kan. Kò lọ́kọ, kò lówó, bàbá ọmọ ti lọ, ó sì fi oyún náà pamọ́ fún àwọn òbí rẹ̀. Ní Kánádà ìgbà náà, ìtìjú ńlá ni kí wúńdíá bímọ sílé. Ó gbé ọmọ náà sílẹ̀ fún ìgbàtọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwo tí gbogbo ayé ń pè ní ìjẹ́wọ́ pátápátá ṣe gbé àṣírí tí ó wúwo jù lọ ní ayé ẹni tí ó kọ ọ́, ó gbé e sí gbangba, kò sì sí ẹni tí ó rí i. Ìyá náà kò purọ́ nínú orin; ó sọ orúkọ, ó sọ̀rọ̀ ìgbà òtútù àti ìgbà ìrúwé, ó sọ̀rọ̀ ìwé tí a fọwọ́ sí. Olùgbọ́ ni kò mọ̀ pé ọmọ gidi ni.

Ọdún tí ó lé ní ogún kọjá kí ìtàn náà tó di mímọ̀ fún àwọn ènìyàn. Ọmọ náà ti dàgbà lọ́dọ̀ àwọn tí ó gbà á tọ́, òun pàápàá sì ti ń wá ìyá tí ó bí i. Ní ọdún 1997, àwọn méjèèjì fojú kan ara wọn.