Òkúta Òjé kan tí ó Ṣọ̀wọ́n, àti Ohun tí ó Kàn Wá nínú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ni òkúta tí Ẹlẹ́dàá fi pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀. Òmíràn wà fún ìlò, òmíràn sì wà fún ẹwà. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí dára ní ojú, ṣùgbọ́n oró ni ó wà nínú rẹ̀. Schultenite ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ní ibi ìwakùsà Tsumeb, ní apá àríwá ilẹ̀ Namibia, ni a ti kọ́kọ́ rí i. Bàbà àti òjé ni wọ́n ń wà níbẹ̀ kí a tó ti ibẹ̀ pa ní 1996, ṣùgbọ́n oríṣi òkúta tí ó ti inú kòtò náà jáde lé ní 300. Ní 1926 ni L. J. Spencer, òṣìṣẹ́ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, àti E. D. Mountain kọ ìròyìn rẹ̀ fún aráyé. Wọ́n fi sọrí August Benjamin de Schultén, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Finland, ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i nínú ilẹ̀.

Bí a bá rí i, a ó rò pé àfọ́kù gíláàsì ni: kò ní àwọ̀, ó sì ń dán gbinrin. Kò le púpọ̀, nítorí owó bàbà lè ha á lára. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ tó ti omi ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Nínú ìdá 100 rẹ̀, òjé kó nǹkan bí 60. Ásínìkì, ògbólógbòó májèlé nì, kó nǹkan bí 22.

Báwo ni ó ṣe ń di òkúta? Nínú ilẹ̀, òjé kì í sábà dá wà. Imí-ọjọ́ ni ó máa ń so mọ́, àpapọ̀ wọn sì ni òkúta dídán tí a ń pè ní gàlénà. Ásínìkì pẹ̀lú a máa wà nítòsí, nínú àwọn òkúta mìíràn. Nígbà tí omi òjò àti afẹ́fẹ́ bá gba inú pàlàpálá àpáta wọlé, wọn a jẹ àwọn òkúta wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀, omi náà a sì kan. Inú omi kíkan yìí ni òjé àti ásínìkì ti ń pàdé, tí wọ́n sì ń dì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí èròjà iyọ̀ bá pọ̀ nínú omi náà, tàbí bí kíkan rẹ̀ bá dínkù, òkúta mìíràn tí ń jẹ́ mimetite ni yóò dì. Nítorí náà ni schultenite fi ṣọ̀wọ́n.

Ohun tí ilẹ̀ ń ṣe ní ìwọ̀nba, ènìyàn ṣe é ní àṣejù. Ní 1892, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, F. C. Moulton po òjé mọ́ ásínìkì láti fi pa kòkòrò tí ń jẹ ewé igi run. Irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ sì wá ń lò jù lọ kò yàtọ̀ sí schultenite ní ohunkóhun. Ó lẹ̀ mọ́ ewé, kò sì jó o bí oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, nítorí náà àwọn olóko ápù gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń fọ́n ọn sí igi, títí DDT fi dé lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945. Ní 1988 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dè é pátápátá.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò parí níbẹ̀. Igi a máa jẹrà, ewé a máa di ilẹ̀, ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni ásínìkì kì í jẹrà. Ní ìpínlẹ̀ Washington, lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko ápù rí, májèlé náà wà nínú erùpẹ̀ títí di òní, níbi tí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ti ń ṣeré.

Kí ni èyí kàn wá? Gàlénà tí a mẹ́nu bà lókè yìí kì í ṣe àjèjì nínú ilé wa: òun ni a sábà máa ń lọ̀ kúnná ní tìróò. Ní 2011, ní ìlú Boston, ní Massachusetts kan náà, àwọn oníṣègùn rí òjé tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí a ń lé tìróò fún, tìróò náà sì ti Nàìjíríà wá. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìpariwo. Ọmọ lè máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa jẹun, títí yóò fi dé ilé-ìwé, kí iyè rẹ̀ má lè gba ẹ̀kọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ìyá àti ìyá àgbà, ojú ọmọ lẹ́wà bí Ọlọ́run ti dá a. Ẹ jẹ́ kí tìróò jìnnà sí i. Ẹ̀yin baba, ẹ má ṣe rọ oògùn kòkòrò sínú ìgò ohun mímu, ẹ má sì ṣe dà á sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ọmọ ń ṣeré. Oró tí ó wà nínú àpáta Tsumeb kò wá ẹnikẹ́ni wá sí ilé; ọwọ́ ènìyàn ni ó máa ń gbé irú rẹ̀ wọlé.