Dókítà Ọpọlọ Wo Ni Kí Ẹ Lọ Rí?

Omi ti fà, ṣùgbọ́n oorun kò tíì padà sójú ẹlòmíràn. Bí òjò bá ti ń kan páànù, àyà á já. Ìyẹn kì í ṣe wèrè. Ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn á máa balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Bí ó bá lé ní oṣù kan tí kò dínkù, tí ẹ kò lè jẹun, tí ẹ kò lè ṣiṣẹ́, tàbí tí ọmọdé kò sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ wá ìrànlọ́wọ́.

“Dókítà ọpọlọ” ni a ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Saikayátírísìtì kọ́ iṣẹ́ dókítà tán kí ó tó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ. Ó lè kọ oògùn, ó sì lè dá aláìsàn dúró sí wọ́ọ̀dù. Saikọ́lọ́jísìtì kì í kọ oògùn. Ọ̀rọ̀ ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ óò máa padà lọ rí i, yóò sì máa kọ́ yín bí ẹ ó ṣe kápá ẹ̀rù náà. Ẹ má pè é ní ẹjọ́ wẹ́wẹ́ o, ó ń wo ènìyàn sàn.

Fún ẹ̀rù, àlá burúkú tàbí ọ̀fọ̀ tí kò tán lọ́kàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè saikọ́lọ́jísìtì. Bí ẹnìkan bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, saikayátírísìtì ni. Ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ kú, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lónìí, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ká wa lára jù ni àwọn tí àgbàrá gbé oògùn wọn lọ, pàápàá oògùn wárápá. Bí a bá ṣàdédé dá a dúró, gìrì lè padà dé, kí ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má dúró dìgbà náà. Ẹ mú páálí oògùn tàbí káàdì ilé ìwòsàn dání. Bí omi bá ti gbé méjèèjì, ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú.

Ẹ óò rí àwọn méjèèjì ní Àrò l’Ábẹ́òkúta, ní Yábàá l’Ékòó àti ní UCH n’Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé bí a bá ní “wọ́n ti gbé e lọ sí Àrò”, èébú ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Bí ibẹ̀ bá jìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba àdúgbò, kí wọ́n kọ ìwé fún yín. Bí ẹ bá sì ṣì í yàn, ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ rí yóò darí yín sọ́dọ̀ èkejì.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ràn. Ẹ má tìtorí pé kò tíì ràn jù ú nù lọ́jọ́ kẹta.