Kọngílá ṣí páànù ilé mi, ó gbówó tán, ló bá di àwátì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi tí mo máa ń kọ̀ròyìn àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì, ọ̀rọ̀ náà wá kan èmi gan-an. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni mo ní kí n tún ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ìpájà ṣe. Páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, àjà ń já bọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjèèjì kò sì ṣe é fi han àlejò. Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú kọngílá náà wá. Ẹ ó rí i, ẹ ó ní ọmọlúàbí ni: ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí màmá mi, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mílíọ̀nù 4.2 náírà la fẹnu kò sí. Ó ní kí n mú mílíọ̀nù 2.9 wá lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Owó tí mo yá lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibiṣẹ́ wa ni mo fi ránṣẹ́ sí i láti báńkì. Ìwé àdéhùn ńkọ́? Kò sí. Ẹnu la fi ṣe é.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ṣí páànù ilé láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n fọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, wọ́n já pákó díẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, lébìrà méjì ló wá. Lọ́jọ́ kẹfà, ẹnì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó yọjú mọ́. Bí mo bá pè é, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti wà lójú ọ̀nà." Bó bá dọjọ́ kejì, "Ẹ̀gbọ́n, ara ọmọ mi ni kò yá." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Ni òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Màmá mi, ẹni ọdún 78, wà ní pálọ̀ lábẹ́ tapólì, àwa ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé ilé bàbá yín lẹ ń wó yìí?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀.

Inú bí mi, ó di tẹ́ṣàn. Lọ́yà kan ládùúgbò wa ló dá mi dúró ní géètì. Ó ní abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ló fi gbowó láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ti di ọ̀ràn, àmọ́ ẹ̀rí dà? Ó ní kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ilé kí ẹlòmíì tó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún ní kí n wá ọ̀gá bíríkìlà tó máa ṣírò iye tí iṣẹ́ tó ṣe jẹ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Baba náà wọn gbogbo ẹ̀, títí kan pákó tó wà nílẹ̀: mílíọ̀nù 1.1. Ó ku mílíọ̀nù 1.8 tí ọkùnrin yìí gbọ́dọ̀ dá padà.

Lọ́yà wá sọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọdún 2018 nìjọba Èkó dá a sílẹ̀ lábẹ́ kọ́ọ̀tù májísíréètì, fún gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Wọ́n ní ọgọ́ta ọjọ́ ni kí ẹjọ́ ibẹ̀ máa fi parí, kì í ṣe èyí tí bàbá á pè tí ọmọ á wá gbọ́ ìdájọ́ ẹ̀. Àmọ́ kéèyàn tó lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà tèmi dé ọwọ́ ìyàwó kọngílá, fóònù tó ti kú láti ọjọ́ yìí wá jí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe sọ fún mi kẹ́ ẹ tó lọ bá lọ́yà?" Hàà!

Ibi ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, la jọ lọ. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́. Wọ́n ní owó mi ló fi parí ilé ẹlòmíì tí owó tiẹ̀ kò tó mọ́, ó ń retí kóníbàárà tuntun dé kó lè fi tiẹ̀ parí tèmi. Ká sòótọ́, ọjà le nígbà yẹn. Lóṣù kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá 10,000 náírà láwọn ibì kan, àfìgbà tí ìjọba àpapọ̀ pe Dangote, BUA àti Lafarge jókòó lọ́jọ́ 19 oṣù náà, tí wọ́n fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò sọ fún mi? Bó bá wá bá mi pé owó kò tó mọ́, à bá jókòó sọ ọ́.

Ó tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun máa san án. Ó san 600,000, ó san 600,000 míì, ìkẹta ló ń fi falẹ̀. Káfíńtà míì ló kan páànù mi. Èmi fúnra mi ni mo lọ ra gbogbo ẹrù, mo sì ń sanwó iṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe ń parí apá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìyẹn tán mi lókun díẹ̀ o, àmọ́ mo sùn.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kejì kò tíì ní táìsì. Àkàbà kọngílá ṣì wà lẹ́yìnkùlé, kò tíì wá mú un. Ìyàwó mi ń sá aṣọ sí i.