Àwòrán Tí Olówó Ní Kí Wọ́n Yọ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìròyìn jáde pé Gina Rinehart, obìnrin tó lówó jù lọ ní Ọsirélíà, fẹ́ kí wọ́n yọ àwòrán òun kúrò lára ògiri ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ìjọba àpapọ̀ ní Canberra. Ká sọ tòótọ́, àwòrán náà kò pọ́n ọn lé: àgbọ̀n ṣẹ́po méjì, ètè sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gé orógbó jẹ. Ilé ìṣàfihàn kọ̀. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Rinehart rí wá ń fi àwòrán ọ̀hún ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù.

Vincent Namatjira ló yà á. Ọ̀kan péré ni àwòrán náà nínú ojú 21 tó tò pọ̀. Ọbabìnrin Elizabeth wà níbẹ̀, Jimi Hendrix náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó fi ya olówó ló fi ya ọba.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwòrán àti ìdílé Namatjira ti pẹ́ ju ìbínú Rinehart lọ. Archibald ni ẹ̀bùn àwòrán ojú ènìyàn tó lókìkí jù ní Ọsirélíà. Láti 1921 ni wọ́n ti ń fi í fún àwọn ayàwòrán ní Sydney. Ní 1956, William Dargie fi àwòrán Albert Namatjira gbà á. Albert yìí ló bí bàbá àgbà Vincent. Ọmọ Arrernte, ọ̀kan nínú ẹ̀yà àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, ni Albert, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn nídìí yíya òkè àti igi aginjù. Kódà, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tirẹ̀ ló dì mú lọ́wọ́ nínú àwòrán Dargie. Ẹni tí àwọn òyìnbó ń du iṣẹ́ rẹ̀ rà yìí, wọn ò gbà kó kọ́lé sí ìlú Alice Springs. 1957 ló tó rí ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú gbà. Lọ́dún kejì, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó fún ọmọ onílẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọtí, ohun tí òfin kò gbà nígbà náà. Ó kú ní 1959.

Ní 2020, Vincent gba Archibald, ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á láàárín ọdún 99. Nínú àwòrán tó fi gbà á, ó ya ara rẹ̀ àti Adam Goodes, agbábọ́ọ̀lù tí òǹwòran ń hó lé lórí nítorí pé ó sọ̀rọ̀ tako ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú gírígírí.

Nígbà tí wọ́n bi Vincent léèrè nípa Rinehart, ó ní bí òun ṣe rí ayé lòun ṣe ń yà á. Àwòrán náà kò kúrò lára ògiri títí àfihàn fi parí lóṣù Keje.