Irin Inú Eegun Ẹ̀yìn: Àlàyé Lórí Àwọn Ìṣòro Tí Í Pẹ́ Kí Wọ́n Tó Yọjú

0. Ìfáàrà

Ohun tí bébà yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ìdí tí ẹ̀yìn tí wọ́n ti fi irin tò, tí ojú abẹ rẹ̀ sì ti jinná, fi lè tún di ìṣòro lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìbàdàn àtijọ́ ni àpẹẹrẹ rẹ̀ dá lé: Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹ́yẹrúnkà. Orí ni àwọn alábàárù àti àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ fi ń ru ẹrù, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè sì ni ọ̀nà wọn. Ẹrù tí orí bá gbé, eegun ẹ̀yìn ni í rù ú.

Ilé-ìwòsàn U.C.H., tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, kò jìnnà sí àgbègbè yìí. Ẹni tó bá gba Yemẹtù láti Bẹẹrẹ yóò débẹ̀. Ibẹ̀ ni E. Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962.

1. Ohun Tí Irin Wà Fún

Ìjàǹbá ọkọ̀, ìṣubú láti ibi gíga, àti ikọ́ fée tó wọ inú eegun tó sì ń sọni di abuké, wà lára ohun tó lè mú kí wọ́n fi irin sí ẹni lẹ́yìn. Ní ọdún 1962 kan náà ni Paul Harrington, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí ọ̀pá irin oníkọ́ tí í na ẹ̀yìn tó wọ́. Lẹ́yìn náà ni skúrù tí a ń dè mọ́ inú eegun gan-an gbilẹ̀, èyí tí Raymond Roy-Camille ti ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀.

Irin kì í wo eegun sàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di eegun mú títí yóò fi so pọ̀, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ti í fi igi gbé dẹ́kìn dúró kí kànkéré tó gan. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín: egbò a máa jinná, eegun a sì máa so pọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ti àkọ́kọ́. Èkejì lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ẹni tó bá fi "ó ti jinná" pe méjèèjì yóò tètè padà sídìí ẹrù.

2. Àwọn Ìṣòro Náà

(i) Eegun tí kò so pọ̀. Bí eegun bá kọ̀ tí kò so, irin nìkan ni yóò máa ru ara. Bí wáyà tí a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ti í kán níkẹyìn ni irin yìí ṣe lè kán, bó ti wù kó nípọn tó. Skúrù náà lè mì nínú eegun, pàápàá lára àgbà obìnrin tí eegun rẹ̀ ti fúyẹ́. Sìgá mímu àti ìtọ̀ ṣúgà a máa dí síso eegun lọ́wọ́.

(ii) Kòkòrò àrùn. Àwọn kòkòrò kan wà tí ń gbé lára awọ wa láìṣe wá ní ibi. Bí wọ́n bá bá abẹ wọlé, wọn a lẹ̀ mọ́ irin, wọn a sì fi ohun yíyọ̀ bí ọbẹ̀ ilá bo ara wọn, tí oògùn kò fi ní ràn wọ́n dáadáa. Ó lè ju ọdún kan lọ kí ọyún tó yọ lójú àpá. Nígbà mìíràn, àfi kí wọ́n yọ irin náà.

(iii) Oríkèé ìtòsí. Ibi tí irin wà kò lè tẹ̀ mọ́, nítorí náà oríkèé tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ tiwọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n lè jẹ, kí wọ́n sì máa fún iṣan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

(iv) Ẹ̀yìn tó tẹ́. Ọ̀pá Harrington, bó bá gùn dé ìbàdí, a máa na kòtò ẹ̀yìn tí Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn. Àwọn kan tí wọ́n ṣe é fún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìdúró gbọọrọ sì di ìyà fún wọn.

3. Ewu Tó Wà Nínú Ìdákẹ́jẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irin lẹ́yìn ni kò ní rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá padà dé lẹ́yìn tó ti lọ pátápátá, ó rọrùn láti pè é ní làkúrègbé, kí a ra oògùn ara ríro, tàbí kí a gbé ẹ̀yìn fún ẹni tí yóò fi agbára wọ́ ọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wíwọ́ lè mú irin tó ti mì kúrò ní àyè rẹ̀. Oògùn a sì máa pa ìrora mọ́lẹ̀ nígbà tí ọyún ń gbilẹ̀.

Ìrora tuntun, ibà tí kò ní ìdí, àti omi tó ń jáde lójú àpá, gbogbo wọn ló ń fẹ́ X-ray àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí abẹ́ bá kú tìpìrì, tàbí bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá kọ̀ tí kò gbọ́ ti ẹni mọ́, ilé-ìwòsàn ni ọjọ́ náà gan-an. Ìdádúró lè sọ ọ́ di àrọ.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tó hàn nínú àlàyé yìí ni pé iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn kò parí lọ́jọ́ tí wọ́n tú okùn ojú abẹ. Ó yẹ kí aláìsàn tọ́jú ìwé tó sọ irú irin tó wà lára rẹ̀, kí ó sì máa padà lọ fún àyẹ̀wò nígbà tí ara rẹ̀ le pàápàá. Kí alábàárù Ọjà'ba tó tún gbé ẹrù lérí, ìbéèrè tó tọ́ láti bi dókítà ni pé: ṣé eegun ti so pọ̀?