Ọwọ́ Ta Ni Ìwé Yìí Ti Wá?

Ní ọjà Ládípọ̀ ní Pápá Àjàó, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í rí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kó kàn sanwó. Á kọ́kọ́ yẹ nọ́ńbà tó wà lára irin wò, bóyá wọ́n ti fi fáìlì pa á rẹ́. Á wo orí bóòtù: bí sípánà bá ti ha á lára, ẹnì kan ti tú u rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ibi tó ti wá àti ẹni tó kó o wọlé. Bí ẹni tó ń tà á bá ń kólòlò, oníbàárà á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń lò nínú òwò kan lókè òkun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì kà sí: kíkó ohun tí àwọn èèkàn inú iṣẹ́ orin buwọ́ lù jọ. Kì í ṣe ti olórin nìkan o. Ti máníjà náà ń pa owó ńlá.

Ẹ wo Brian Epstein. Ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù ẹbí rẹ̀ ló ń bójú tó ní Liverpool nígbà tó lọ wo ẹgbẹ́ olórin Beatles ní ilé ìgbafẹ́ Cavern ní oṣù kọkànlá ọdún 1961. Ní ọjọ́ 24, oṣù kìíní, ọdún 1962, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin buwọ́ lu ìwé àdéhùn pé òun ni máníjà àwọn. Epstein alára kò buwọ́ lù ú. Ó ṣàlàyé nígbà tó yá pé kò dá òun lójú tán pé òun á lè ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ, òun kò sì fẹ́ dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ìwé yẹn, tí ọwọ́ máníjà kò sí nínú rẹ̀ rárá, ni wọ́n tà ní gbàǹjo Sotheby's ní £275,000 lọ́dún 2019. Èyí tó buwọ́ lù ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 1962, ti gba £365,000 lọ́dún 2015. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìwé kejì yìí ni ọwọ́ bàbá Paul McCartney àti ti bàbá George Harrison, torí àwọn ọmọ wọn kò tíì pé ọdún 21. Epstein kú lọ́dún 1967, lẹ́ni ọdún 32. Ẹni tó bá tètè lọ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba nǹkan ni ọwọ́ rẹ̀ máa wà lórí rẹ̀.

Ayédèrú kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Neil Aspinall àti Mal Evans, tí wọ́n ń bá Beatles rìn kiri, máa ń bá wọn buwọ́ lu fọ́tò nígbà tí èrò bá pọ̀ jù. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ wọ́n; awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ni wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò: bírò gidi máa ń tẹ pépà wọnú, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ á tẹ́jú, á sì máa fi tó-tò-tó hàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á béèrè fọ́tò, lẹ́tà tàbí rìsíìtì.

Nílé níbí, Benson Idonije, òṣìṣẹ́ rédíò, ni máníjà àkọ́kọ́ tí Fẹlá ní, láyé ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Koola Lobitos. Ilé Fẹlá, Kalakuta, wà ní Ìdí-Òro ní Mushin, kò jìnnà sí Pápá Àjàó. Àwọn ọmọ ogun dáná sun ún ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977. Ó dùn mí bí mo bá ronú kan àwọn ìwé tó lè ti bá iná yẹn lọ. Lọ́dún 2016, Idonije gbé ìwé ìrántí rẹ̀, Dis Fela Sef!, jáde. Bó bá buwọ́ lu ẹ̀dà kan fún ọ, kọ ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sórí pépà ọ̀tọ̀, má kọ ọ́ sí ojú ewé tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Fi fọ́tò ọjọ́ náà sínú ìwé, kí o sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ bó ṣe dé ọwọ́ rẹ.