Ṣòkòtò Oko Di Aṣọ Ìbora: Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Obìnrin Gee's Bend

Akísà ni orúkọ tí a fún aṣọ tó gbó, ibi tí a sì ń retí rẹ̀ sí kò ju ìdí ìkòkò àti orí ilẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin adúláwọ̀ Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, kò gbà bẹ́ẹ̀. Odò Alabama yí àdúgbò wọn ká ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹrú inú oko òwú ni àwọn baba ńlá wọn, púpọ̀ nínú wọn sì ń jẹ́ Pettway títí di òní, orúkọ ẹni tó gba oko náà ní 1845. Ní 1932, oníṣòwò tí wọ́n jẹ ní gbèsè kú, àwọn ará ilé rẹ̀ sì wá kó oúnjẹ, ẹran ọ̀sìn àti irinṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Òtútù tó ń gba àlàfo pákó wọlé kò sì dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni yóò rí owó ra kúbùsù. Ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti gbó ni ó wà nílẹ̀.

Fífọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Jíìnsì a máa sún kì. Bí a bá rán èyí tí kò tíì sún kì mọ́ èyí tó ti sún kì, ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ fọ aṣọ ìbora náà ni yóò hunjọ. Lẹ́yìn náà ni a ó tú ojú rírán, tí a ó sì gé ibi tó ti já sọnù. Orúnkún ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ a ṣì lágbára. Ṣùgbọ́n ìdí àpò ni ẹwà iṣẹ́ náà wà. Ibi tí àpò bò kò rí oòrùn rí: bí a bá tú àpò kúrò, àwọ̀ ibẹ̀ a jinlẹ̀ bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde, nígbà tí gbogbo àyíká rẹ̀ ti ṣí. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í gé irú àpá bẹ́ẹ̀ dànù; ojútáyé ni wọ́n ń fi í sí.

Ọ̀nà kan tí wọ́n fẹ́ràn láti gbà to àwọn ègé náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní òrùlé ilé. Ègé kan onígun mẹ́rin ni a ó fi sí àárín, a ó wá máa rán ègé tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀lé èkejì, títí yóò fi fẹ̀ tó. Kí olùkọ́ tó bá fẹ́ fi èyí kọ́ni kíyè sí igun: ibi tí ojú rírán ti pàdé a máa nípọn, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ a sì dá síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó nípọn ni kí ó lò, kí ó sì fi áyọ́ọ̀nù la ojú rírán sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí ojú aṣọ bá parí, a ó tẹ́ òwú sáàárín òun àti aṣọ ìsàlẹ̀, a ó sì fi abẹ́rẹ́ gún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ jákèjádò.

Ní 1942, Missouri Pettway ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ tó kú. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, Arlonzia, kó aṣọ iṣẹ́ olóògbé náà jọ, wọ́n gé e, wọ́n sì rán an di aṣọ ìbora. Arlonzia ròyìn lẹ́yìn náà pé ìyá òun fẹ́ máa fi ìfẹ́ ọkọ rẹ̀ bora. Ẹni tó mọ ẹ̀kú egúngún, tí ìdílé ń fi aṣọ kún láti ìran dé ìran, kò ní ṣàì lóye rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ní 1962, nígbà tí àwọn ará Gee's Bend ń sọdá lọ sí ìlú Camden láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, a dá ọkọ̀ ojú omi wọn dúró. Ọ̀nà tó yí ká jìn gan-an. Ní 1966, wọ́n dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀ kí aṣọ wọn lè mówó wọlé. Ní 1972, ilé ìtajà Sears gbéṣẹ́ aṣọ kọ́dúrọ́ọ̀ fún ẹgbẹ́ náà, àwọn àjẹkù rẹ̀ sì bọ́ sínú aṣọ ìbora àdúgbò. Annie Mae Young rán ọ̀kan ní 1976 tó fi kọ́dúrọ́ọ̀ sí àárín, tó sì fi jíìnsì aṣọ iṣẹ́ yí i ká.

Ní 2002, a pàtẹ àwọn aṣọ náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Houston, lẹ́yìn náà ní New York, àwọn onímọ̀ sì fi wọ́n wé àwòrán àwọn ọ̀gá ayàwòrán. Ìyìn náà tọ́, ó kàn pẹ́ ni. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ mẹ́wàá nínú wọn sórí sítáǹbù lẹ́tà. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ ojú omi padà sórí odò, lẹ́yìn ọdún 44.